Wáyà Tí Mo Gé Nínú Ẹ̀rọ Gìtá Títílọpẹ́

Èmi ni mo pa Títílọpẹ́. Kì í ṣe àìmọ́ ara rẹ̀ ló pa á bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri Ìgàńdó, kì í sì í ṣe ìbínú Ọlọ́run. Èmi Jàfárù Àlàó, tí àwọn ará Ìkòtún mọ̀ sí Ẹnjíníà, ni mo gé ohun tí ìbá gba ẹ̀mí rẹ̀ là, èmi náà ni mo sì tún un so pa dà lẹ́yìn tó kú tán, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà tó o. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kírun, mo ti gbé e gba ààwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo ti gbé e sínú fa ọmọbìnrin mi àgbà fún ọkọ, n kò sọ ọ́ jáde. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà pe èmi àti Sìdíkátù ìyàwó mi jókòó, ó ní kídìnrín mi méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ dúró. Sìdíkátù bú sẹ́kún. Èmi ò sunkún. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá kú báyìí, irọ́ tí mo pa á wà láàyè lẹ́yìn mi, ìyá ọmọ yẹn ni yóò sì máa rù ú kiri. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ rédíò lọ́dọ̀ Àlùájì Abdulganiyy, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀ gan-an ló mú wáyà ẹnu plọ́ọ̀gì kan, ó bó o, ó fi mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ hàn mí. Ó ní, "Jàfárù, méjì yìí ló ń gbé iná wọlé, tó ń gbé e jáde. Ẹ̀kẹta yìí, aláwọ̀ ewé yìí, ẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Kì í tan iná, kì í mú nǹkan dún, ọ̀dẹ̀ á rò pé kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Ọjọ́ tí iná bá ṣìnà bọ́ sára irin ẹ̀rọ, òun ni yóò gbé e sọ sínú ilẹ̀, kó má baà jẹ́ ara èèyàn ló máa gbà kọjá. O ò gbọdọ̀ gé e láé, ohun yòówù tí kọ́sítọ́mà ìbáà sọ." Mo dáhùn pé, "Mo ti gbọ́, sà." Mo gbọ́ lóòótọ́. N kò lè sọ lónìí pé mi ò mọ̀. Ibi tó ti ń dùn mí jù nìyẹn.

Ọdún 2021 ni Títílọpẹ́ kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Mojísọ́lá, aránṣọ tó ń rán sùtánà fún àwọn oníjọ Aládùúrà ní Ìgàńdó. Opó ni màmá yìí, Mojísọ́lá ni orúkọ òun fúnra rẹ̀, Títílọpẹ́ nìkan ló sì bí. Àwọn méjèèjì jọ gbé ẹ̀rọ gìtá wá, ẹ̀gbẹ́ kan lọ́wọ́ ìyá, ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́wọ́ ọmọ. Àpótí sípíkà ni, irú tí wọ́n máa ń so gìtá mọ́ kó lè dún sókè. Àwa oníṣẹ́ ń pè é ní ámpù. Tuntun ni, àmọ́ pọ́ọ́kú ni, irú tí wọ́n ń kó wọlé lọ́pọ̀ yanturu, tí inú rẹ̀ fúyẹ́ bíi páálí. Títílọpẹ́ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Òun àti Hamdalah ọmọ mi jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ ìdánwò kan náà rí, nítorí náà Bàbá Hamdalah ló ń pè mí. Orí fóònù ló ti kọ́ gìtá, kò lólùkọ́. Ó ní, "Bàbá Hamdalah, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Bí mo bá ti tàn án ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù bí ilé oyin. Bí mo bá ń ta á, ó ń kùn. Bí mo bá dákẹ́, ó ń kùn. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, òun nìkan lẹ máa gbọ́." Ìyá rẹ̀ wá fi ohùn kékeré sọ pé, "Ẹnjíníà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa ṣe é dáadáa. Wọ́n kọ́kọ́ ní obìnrin ò gbọdọ̀ ta gìtá nínú ìjọ. Alàgbà Ṣóbọ̀wálé ló bá a bẹ̀ wọ́n. Ní báyìí, alàgbà fúnra rẹ̀ ní bí ariwo yìí ò bá lọ, kó gbé gìtá náà sílé." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Mo tú u wò, mo pààrọ̀ kapásítọ̀ méjì. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún ń kùn. Wọ́n gbé e pa dà wá, mo tún nǹkan míì ṣe, ó dákẹ́ lọ́dọ̀ mi, ó kùn lọ́dọ̀ wọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo bá wọn lọ sí Ìgàńdó. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ni wọ́n ti ń so ẹ̀rọ gìtá mọ́ iná. Ẹ̀yìn pátápátá ni míksà wà, ìyẹn ẹ̀rọ tí gbogbo makirofóònù wọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé kejì ló sì ti ń mu iná. Okùn kan wá so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ kí gìtá lè dé sípíkà ńlá. Ọ̀nà ilẹ̀ di méjì, iná kékeré ń rìn yí po láàárín wọn, òun ló ń kùn. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ rárá. Mo sì mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: kí á fa okùn kan ṣoṣo tó nípọn láti ẹ̀yìn dé iwájú, kí gbogbo ẹ̀rọ mu iná lójú kan náà, kí á sì ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, iṣẹ́ òógùn ni. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, Godswill tó ń mójú tó míksà wọn dúró tì mí. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti sú u. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o. Ṣé kí á kúkú gbé e lọ fún àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ogún ọdún ó lé ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọmọ kékeré ń sọ fún mi pé kí òun gbé iṣẹ́ mi lọ fún ẹlòmíì. Mo gbé ẹ̀rọ náà, mo ní, "Kò ní kùn mọ́. Lọ́la ni ẹ máa gbà á."

Ní ọjọ́ kejì, mo tú ìdí rẹ̀, mo mú páńsà, mo gé wáyà ẹ́ẹ̀tì. Mo fi téèpù dúdú we ẹnu rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀rọ̀, mo dé e pa. Kò gbà tó bí èèyàn ṣe ń mu omi. Mo mọ̀ pé bí ọ̀nà ilẹ̀ ò bá ti jẹ́ méjì mọ́, ariwo á lọ. Mo mọ ohun tó tún máa bá a lọ. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé, "Jàfárù, ẹsẹ̀ lásán ni àwọn èèyàn yìí máa ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì." Mo dá ọkàn mi lóhùn pé nǹkan kan ò ní ṣe, ẹ̀rọ tuntun ni. Nígbà tí wọ́n tàn án ní Ìgàńdó, kẹ́kẹ́ pa. Godswill rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ gbóná!" Alàgbà Ṣóbọ̀wálé bọ̀ mí lọ́wọ́. Títílọpẹ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ti gbà mí." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ rán jalàbíà funfun kan ránṣẹ́ sí mi, ó da òwú wúrà sí i lọ́rùn. Mo wọ̀ ọ́ lọ kí ìrun Iléyá. Àwọn èèyàn ń yìn mí.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan nínú oṣù kẹwàá, Títílọpẹ́ nìkan yà sí ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tó ń bọ̀ láti ọjà. Ó ní, "Bàbá Hamdalah, gìtá yẹn ti ń ta mí lọ́wọ́ o." Mo ní, "Báwo ló ṣe ń ta ẹ́?" Ó ní, "Bí èèrà ni, lórí ìka mi. Ní Sunday tó kọjá, mo fẹ́ lé orin, ètè mi kan makirofóònù báyìí, ó ta mí gan-an. Mo fò sẹ́yìn ni." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Oníṣẹ́ tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí mọ ìtumọ̀ rẹ̀: transfọ́mà inú ẹ̀rọ náà ti ń sè, ìyẹn ni pé ó ti ń jóná díẹ̀díẹ̀ nínú, iná ti ń jò sára irin, ó sì ń wá ibi tó máa gbà wọlẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Má fọwọ́ kàn án mọ́, lọ gbé e wá nísinsìnyí." Ṣùgbọ́n Títílọpẹ́ kì í lọ bí mo bá ń tú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó máa ń yọjú wo ohun tí mo ń ṣe ni, ó máa ń béèrè, "Kí nìyí? Kí ni iṣẹ́ tọ̀hún?" Mo rò ó pé yóò rí wáyà tí mo gé, yóò béèrè, n kò sì ní rí èsì fún un. Mo bá ní, "Òtútù òjò ni. Wọ sílípáàsì bí o bá ń ta á." Ó ní, "Ha, Bàbá! A kì í wọ bàtà nínú ìjọ wa o." Mo ní, "Ó dáa, gbé e wá lẹ́yìn ìkórè, màá wò ó." Ó ní, "Sunday yìí náà ni ìkórè. Èmi ni màá lé orin." Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó dára. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ. N kò pè é pa dà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi wọ inú èrò. Bí mo bá pariwo orúkọ rẹ̀ péré, ì bá yí pa dà.

N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday náà. Godswill ló ròyìn fún mi. Òjò rọ̀ láàárọ̀, páànù kan jò lápá ọ̀tún pẹpẹ, ilẹ̀ rin. Wọ́n nù ún, ṣùgbọ́n kò gbẹ. Títílọpẹ́ dúró lójú ibẹ̀ nínú sùtánà tuntun tí ìyá rẹ̀ rán fún un, ẹsẹ̀ lásán, gìtá lọ́rùn. Ó ta gìtá díẹ̀, ó wá sún mọ́ makirofóònù láti lé orin. Ìlà àkọ́kọ́ ló kọ. Ó ké, ọwọ́ rẹ̀ há mọ́ okùn gìtá, ó ṣubú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìjọ Aládùúrà, ẹ mọ ohun tí wọ́n rò. Wọ́n rò pé ẹ̀mí ló gùn ún. Àwọn ìyá pagbo yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin sókè sí i, wọ́n ń retí kó ríran sí wọn. Ìyá rẹ̀ wà láàárín wọn. Òun náà ń kọrin. Godswill ló gbóòórùn nǹkan tó ń jó, tó sáré fa iná pa. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún.

Godswill pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Bàbá, ẹ máa bọ̀. Iná gbé Títí, ó ti kú. Mo fẹ́ kí á fi mítà wo bóyá iná wà lára ẹ̀rọ yẹn, lójú gbogbo èèyàn." Mo gun ọ̀kadà lọ. Mo bá ẹ̀rọ náà nílẹ̀ níbi tí wọ́n fi í sí, àwọn èèyàn ń fi ojú ẹ̀rù wò ó. Mo ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, iná lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ní Tuesday màá gbé e wá síwájú àwọn àgbà, a ó jọ wò ó." Wọ́n gbà. Ta ni kò ní gbà? Èmi ni Ẹnjíníà. Mo gbé e dé Ìkòtún, mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra. Transfọ́mà rẹ̀ ti sè, iná bọ́ sára irin pátápátá. Bí wáyà aláwọ̀ ewé yẹn bá wà lójú rẹ̀ ni, iná náà ìbá wọ ilẹ̀ lọ, fíúsì ìbá já, gìtá ìbá kàn dákẹ́, ọmọ náà ìbá bínú, ì bá gbé e wá bá mi láàárọ̀ Monday. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo yọ transfọ́mà tó jóná, mo fi òmíràn sí i. Mo tú téèpù dúdú kúrò, mo fi lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí a fi ń lẹ wáyà, jó wáyà ẹ́ẹ̀tì pa dà sójú rẹ̀. Mo lọ ju transfọ́mà tó jóná yẹn sínú odò. Ẹ wò ó, ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà: ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ ọlọ́mọ, báwo ni kò ṣe gbọ̀n?

Mo wá dé orí ohun tó burú jù. Lọ́jọ́ Tuesday, àwọn àgbà ìjọ jókòó. Màmá Mojísọ́lá wà nílẹ̀ lórí ẹní, àwọn obìnrin méjì dì í mú. Godswill so ẹ̀rọ náà mọ́ iná, ó fi mítà kan irin rẹ̀, ó kan okùn gìtá, ó kan makirofóònù. Kò rí nǹkan kan. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Kò rí nǹkan kan. Alàgbà Ṣóbọ̀wálé kọjú sí mi, ó ní, "Ẹnjíníà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Kí lẹ rí?" Mo ní, "Ẹ̀rọ yìí ò ní àbùkù kankan." Obìnrin kan lẹ́yìn wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, síbẹ̀ gbogbo wa gbọ́: "Ó lè jẹ́ pé kò mọ́ ló ṣe wọ ibi mímọ́." Nínú ìjọ wọn, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. "Àní lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ!" "Ọlọ́run ò ṣeé fi ṣeré." Màmá Mojísọ́lá fi ẹkún wọ́ wá sí ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Ẹnjíníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ó lè jẹ́ ohun kékeré kan ni ẹ ò rí." Mo wo ojú obìnrin náà. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. Mo ní, "Màmá Títí, mo ti wò ó tán. Ẹ gba kádàrá." Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo jáde.

Wọn ò kọrin níbi ìsìnkú rẹ̀. Alàgbà kankan ò dé ibẹ̀. Àwọn ìbátan ìyá rẹ̀ ló sin ín sí Àgbàdo. Àwọn tó ti gbé aṣọ fún ìyá náà wá ń gba aṣọ wọn pa dà lọ́kọ̀ọ̀kan láìrán, wọ́n ní àwọn ò lè fi sùtánà tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá wọ ilé Ọlọ́run. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kó kúrò ní Ìgàńdó. Godswill wá bá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dúró, kò jókòó. Ó ní, "Bàbá, mo tú ìdí ẹ̀rọ yẹn wò lẹ́yìn tí ẹ lọ. Lẹ́ẹ̀dì ojú wáyà ẹ́ẹ̀tì ń dán gbinrin, tuntun ni. Kí ló dé?" Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Ṣé apànìyàn lò ń pe bàbá ẹ? Èmi tí mo bí irú ẹ? Kúrò níwájú mi!" Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó lọ. Mo gbọ́ pé àdúgbò Command ló ń gbé báyìí àti pé kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo fi ọjọ́ orí mi pa á lẹ́nu mọ́, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kò ní bá àgbà jiyàn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dókítà, mo pe Hamdalah, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Títí? Títí wa yẹn?" Ó dìde, ó lọ sí yàrá, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá mi. Èmi ni màá mú yín lọ bá ìyá Títí ní Àgbàdo tó kó lọ." A lọ sí Àgbàdo láàárọ̀ Saturday. Màmá Mojísọ́lá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú páséèjì ilé kan, ó ń ká etí yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó ti rù. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹnjíníà! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló ṣe yín tí ẹ rí báyìí?" Ó bu omi fún mi. N kò lè mu ún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: wáyà tí mo gé, ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó wá bá mi, transfọ́mà tí mo jù sódò, ohun tí mo sọ lọ́jọ́ Tuesday. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó di aṣọ tó ń rán mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó wá ní, "Ìyẹn ni pé ọmọ mi ò parọ́ fún mi." N kò lóye. Hamdalah ló bi í pé, "Irọ́ wo, Mà?" Ó ní, "Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń bá a de àmùrè sùtánà rẹ̀, mo bi í pé, 'Títí, ṣé o mọ́?' Ó ní, 'Mọ́mì, mo mọ́.' Nígbà tí Ẹnjíníà ní ẹ̀rọ ò lábùkù, mo gbà pé irọ́ ni ọmọ mi fi wọ ilé Ọlọ́run. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bínú sí i. N ò lọ síbi sàréè rẹ̀ rí. Ọ̀nà ibẹ̀ ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, n ò lọ." Ìgbà yẹn ló wá bú sẹ́kún. Mo ti gbọ́ ẹkún nígbèésí ayé mi, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni mo pa. N kò mọ̀ pé mo tún gba òkú ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó rọlẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ dìde nílẹ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti sọ tàkọ́kọ́." Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìgàńdó, Hamdalah mú mi lápá, mo dúró níwájú gbogbo ìjọ. Mo sọ ọ́. Àwọn kan ṣépè fún mi, ó tọ́ sí mi. Alàgbà Ṣóbọ̀wálé, tó ti darúgbó gan-an, fi ọwọ́ bo ojú, ó ní, "Orin tí ó yẹ kí á fi sin ọmọ yìí, a ò kọ ọ́." Mo gba Command lọ, mo bẹ Godswill. Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀. Mo mọ̀ látọjọ́ yẹn. Ara mi lèmi ń bínú sí." Mo tún lọ sí tésàn ọlọ́pàá. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi tó wú, wọ́n ní kí n máa lọ sílé, àwọn yóò ránṣẹ́ pè mí. Mo ń retí wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìjọ náà lọ sí Àgbàdo pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n kọrin lórí sàréè Títílọpẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. N kò lọ, wọn ò pè mí, kò sì yẹ kí wọ́n pè mí. Hamdalah ló lọ. Ó ní Màmá Mojísọ́lá ò bá wọn kọrin, pé ó kàn jókòó ti sàréè náà, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, ohùn rẹ̀ ò sì sókè tó kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Abúlé Ẹ̀gbá, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn, ẹ wá ìdí tó fi ń kùn. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ sọ fún oní-nǹkan pé ẹ ò rí i, ẹ jẹ́ kó gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Ẹ má gé wáyà yẹn. Bí ẹ bá sì ti gé e fún ẹnì kan rí, ẹ gbé bàtà yín sẹ́sẹ̀ báyìí, ẹ lọ bá a nílé, ẹ tún un so kó tó tan ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti túúbá lọ́dọ̀ Ọlọ́run, Òun ló mọ bí yóò ṣe ṣe mí. Màmá Mojísọ́lá kò tíì dárí jì mí. Àwọn ará ilé mi ń sọ pé àwọn yóò kó àgbààgbà lọ bẹ̀ ẹ́ kí n tó kú. Mo ní rárá, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí kí gbogbo yín lè gbọ́: ẹ má lọ. Ẹ má fi ọjọ́ orí yín dí i lẹ́nu bí mo ṣe fi tèmi dí Godswill lẹ́nu. Bí mo bá kú kó tó dárí jì mí, ẹ sin mí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.